Àríyànjiyàn Ìrókò àti Ewé

Òórùn èèpo ọsàn ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àga onípákó tó máa ń gbé síbi tí oòrùn kò bá dé, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn tí ẹnì kan kó wá fún wa láti Ùsò. Èèpo náà ń gùn sí i láì já, ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí itan rẹ̀. Èmi ń ka ìwé ìròyìn. Kò sí ohun kan tó yàtọ̀ nínú àárọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú bí mo bá rántí rẹ̀. Ó gé ọsàn lórí, ó nà án sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ẹni tó ṣubú, tó dìde, tí kò sì jẹ́ kí orin fi òun sílẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe?"

Mo mọ ẹni tó ń wí. N kò gbójú sókè. Mo ní, "Kó má ṣubú ni mo fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá jí, èmi àti ẹ̀yin ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Kò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí yìnyín bí ẹni ń jó la ń sọ. Mo mọ̀ pé ìwọ tó ń ka èyí lè rẹ́rìn-ín, n kò sì ní bá ọ jà. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, yìnyín tí a mọ̀ kò ju èyí tó máa ń bá òjò bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, àti èyí tí àwọn obìnrin ń dì sínú ọ̀rá tà fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, tí a ṣì ń gbé inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Pólì, fádà òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ kó páálí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan fún ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun ló tọ́jú fádà náà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. A rò pé fíìmù àwọn ẹni mímọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àfi bí a ṣe ti ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ ní ọjọ́ Àìkú kan, tí a rí pápá funfun kan tó ń dán bí inú àwo tánganran, tí ọkùnrin kan sì jáde sórí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ní irin pẹlẹbẹ nídìí. Ìdíje àwọn ọkùnrin ni, láti ọdún dé ọdún, gbogbo ẹ̀wádún tó parí ọ̀rúndún náà. A wò wọ́n títí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Orúkọ wọn kò rọ̀ wá lẹ́nu, a sì fún wọn ní tiwa. Ìrókò ni a pe ẹni tí èmi yàn. Bí ó bá fò, á pòyì lójú òfuurufú títí ojú yóò fi pàdánù iye ìgbà tó yí, á sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ láì mì. Ewé ni tìyàwó mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga bó bá fò, ṣùgbọ́n bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ó dàbí ẹni pé láti inú ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ohùn gòjé náà jáde. Ní ọdún kan, Ewé ṣubú níwájú gbogbo ayé. Ó dìde, ó bá orin lọ, ó parí rẹ̀. Ìrókò ló gba ife ẹ̀yẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa: ta ni ọba wọn ní ẹ̀wádún yẹn?

Ìjà náà bá wa kúrò ní Pólì, ó bá wa dé ilé tí a kọ́. Nínú mọ́tò, lójú ọ̀nà Ìpele, ìyàwó mi á ṣàdédé sọ pé, "Ìrókò tiyín yẹn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń to igi ìdáná." Èmi á ní, "Igi tí a tò dáadáa kì í wó." A ní adájọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìpele. Ó ti bá wa wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́pọ̀ ìgbà. Á gbọ́ tọ̀tún, á gbọ́ tòsì, á bú èmi àti ìyàwó mi, kò sì ní dá ẹjọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé kún. Àbúrò ìyàwó mi obìnrin wá láti Ùsò láti máa se oúnjẹ fún mi, àwọn ará ìjọ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí àṣà wa ń ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. A kì í bá a jiyàn. Bí mo bá ní oòrùn tutù, wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sọ fún àbúrò ìyàwó mi pé Ìrókò ló ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ kí ó bi mí pé kí ló dé. Ó gbé àwo kúrò níwájú mi, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Òun ni."

"Ṣé o mọ ẹni tí mò ń wí?"

"Ẹ má da ara yín láàmú, Bọ̀dá. Ẹni tí ẹ bá ti sọ ni."

Mo ṣàlàyé fún un: àwọn ọkùnrin tó ń pòyì lórí yìnyín, tí irin mímú wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó wò mí títí, ó sì gbé fóònù jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá ìjọ dé pẹ̀lú katikíìsì, wọ́n yí mi ká, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Olúwa," katikíìsì gbàdúrà, "mú ìran yìnyín kúrò lójú rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ rìn, má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá a sùn." Mo ṣe àmín.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àkọ́bí wa tó wà lókè òkun. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ jàre. Mọ́mì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń bá yín ṣeré ni." Mo pa fóònù. Irọ́ ni. Ìyàwó mi kò bá mi ṣeré. Ó gba Ewé gbọ́ bó ṣe gbà pé omi gbígbóná ń pa kòkòrò. Gbogbo wọn ń di ìṣẹ́gun lé mi lọ́wọ́, wọn kò sì rí i pé bí mo bá gbà á, a jẹ́ pé wọ́n sin èrò rẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Mo wá fi ojú sọ́nà fún adájọ́ wa. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì lè tètè padà wá lẹ́yìn ìsìnkú. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, ó ṣí fìlà lórí, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, lónìí o ní láti dá ẹjọ́ yìí. Ìrókò tàbí Ewé?"

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Ìwọ lo jàre. Ìrókò ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Irọ́ lo ń pa!" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ìwọ náà? Ìwọ náà wá rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀?" N kò mọ ibi tí èyí tó kàn ti wá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi: "Ewé ni. Mo ní Ewé ni ọba wọn."

Ó gbé orí sókè. "Kí lo wí?"

"O gbọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ìyàwó mi ṣe máa ń rò ó: pé ẹni tó lè fò pọ̀, pé ṣíṣubú kọ́ ló ń ba ijó jẹ́, dídúró ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi máa ń dìde, á fi apá rẹ̀ ṣàpèjúwe, ìwọ náà á sì rí i. Èmi dìde, mo gbé apá sókè, èjìká mi gan. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ṣé apá Ewé nìyẹn, àbí apá ẹni tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà Elégbèká?"

"Fi apá mi sílẹ̀, dá mi lóhùn!"

"Kí n dá ọ lóhùn kí ni? Ewé tó balẹ̀ gbì bí àpò gààrí! Ọba wo ló ń fi ìdí nu ààfin?"

Bó ṣe bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ nìyẹn, bó ti máa ń ṣe bí inú bá ń bí i, èmi náà sì tẹ̀ lé e. A pariwo. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Àbúrò ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ méjèèjì lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà! Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí," ni ọ̀rẹ́ mi wí, láì wo ẹ̀yìn. "Kó máa ṣọ̀fọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má sọ ìsọkúsọ." Ó yí sí mi. "Bí olóògbé bá gbọ́ bí o ṣe ń gbèjà Ewé yìí, ojú á tì í."

Òun fúnra rẹ̀ rò pé òun ti kọjá ààyè, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, òun sì ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo jókòó. Mo ní, "Mo mọ̀. N ó túbọ̀ múra."

"Ó yẹ kí o múra," ló wí, ó dé fìlà rẹ̀. "Mo ń bọ̀ ní Sátidé."

Ó ti wá lọ́pọ̀ Sátidé láti ìgbà náà, ó sì ń borí mi. Ó ń bí mi nínú. Mo ti wá ìṣubú Ewé jáde lórí fóònù, mo ti wò ó títí ojú fi ń ta mí, mo sì ń rí díẹ̀ nínú ohun tí ìyàwó mi rí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú ọkàn mi, Ìrókò ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn Ìrókò kò wọ́n ní ayé. Ẹnì kan ní láti wà nínú ilé yìí tí yóò máa sọ ti Ewé, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi tó mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìjà àkọ́kọ́ yẹn, mo sọ fún àbúrò ìyàwó mi pé kó padà sọ́dọ̀ ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ùsò. Kò fẹ́ lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, kí lẹ máa jẹ?" Mo ní ẹni tó lè pariwo bí mo ṣe pariwo lánàá lè se iṣu. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ jiyàn. Inú mi dùn pé ó fẹ́ jiyàn. Nígbà tó lọ tán, mo wọ ilé ìdáná, mo wá ìṣáná títí mo fi rí i, mo bẹ iṣu, mo gé e, mo gbé e kaná. Mo ti bu iyọ̀ sí i kí n tó rántí pé mo ti kọ́kọ́ bù ú. Apá kan jinná, apá kan ṣì le. Mo gbé e sórí tábìlì, mo jẹ ẹ́ tán.