Wọ́n Ti Dìde fún Ẹsẹ̀-Òsì Kí Ó Tó Kú

Ẹsẹ̀-Òsì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, lórí ibùsùn tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá sí pálọ̀ nítorí pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá wáyé ní pápá tí góòlù rẹ̀ sọ di olókìkí. Rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí ẹni tí ó dìde láti bọ̀wọ̀ fún òkú. Kò sí ẹni tí ó ṣí fìlà. Mo bi akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ń darí bọ́ọ̀lù wa léèrè ìdí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọpọlọ mi ń ṣàárẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, a ti ṣe tiẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì la ó máa ṣe é fún ẹnì kan ni?”

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àwàdà ni. Òótọ́ ni wọ́n ti ṣe tirẹ̀. Kò tíì kú nígbà náà ni.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló bí ìnagijẹ rẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ náà gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kì í fò. Ilẹ̀ ni yóò gbà, yóò sì wọlé létí òpó, níbi tí ọwọ́ aṣọ́lé kì í dé. Ṣùgbọ́n góòlù kọ́ ni èmi fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n tán, òun kì í sáré bọ́ ẹ̀wù kiri bí ẹni tí ẹ̀lírì wọ ṣòkòtò rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí aṣọ́lé tí ó wà nílẹ̀, yóò fà á dìde, yóò gbọn eruku èjìká rẹ̀ nù. “Pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi,” ni yóò wí. “Iṣẹ́ ni.” Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́lé náà jẹ́wọ́ fún mi pé pẹ̀lẹ́ yẹn máa ń dun òun ju góòlù lọ.

Ó gbé ìwà yìí lọ sí òkè òkun, sí ìlú tí òtútù ti ń sọ pápá di òkúta. Rẹfirí ibẹ̀ fi káàdì yẹ́lò hàn án, nítorí ó rò pé ó ń fi aṣọ́lé ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Atamátàsé wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹfirí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbá òmíràn wọlé, ó sì tún lọ fa aṣọ́lé dìde.

Nígbà tí orúnkún òsì rẹ̀ wú, dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ní kí ó sinmi. Àwọn tiwa ló ránṣẹ́ pè é wálé, nítorí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ pàdánù. Alága ẹgbẹ́ tí ń darí bọ́ọ̀lù wa fúnra rẹ̀ wọ yàrá ìmúra. Ẹni tí ń fọ ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, òun ló rò ó fún mi.

“Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ pé o kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ni?”

“Ẹ̀yin ni bàbá, sà. Ẹsẹ̀ ni kò gbọ́.”

“Dókítà á bá a sọ̀rọ̀.”

Dókítà ẹgbẹ́ wa fi abẹ́rẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ pápá, ó sì tún bá a sọ̀rọ̀ ní ìsinmi ìlàjì. Góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí, òun ló gbá a. Mo wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Ó fa aṣọ́lé dìde bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Ojú abẹ́rẹ́ náà kò jinná. Ó gba ọyún, ó di egbò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun ní àwọn kọ́ ni àwọn rán an níṣẹ́; wọ́n tì í sí ẹgbẹ́ kékeré, ìyẹn tì í sí èyí tí ó kéré jù ú lọ, títí ó fi tẹ ọ̀pá wálé. Ẹgbẹ́ tiwa ní ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú àwọn tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ egbò náà fún un, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀.

Àfi bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé Ẹsẹ̀-Òsì ti kú. Ilé Ẹsẹ̀-Òsì kò ju òdìkejì títì lọ sí pápá ìṣeré. Ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí ó tọ́ mi, wọ́n kọ́ wa pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ kí ará ilé òkú, kí a tó fi ẹnu kéde. Àwọn wọ̀nyí kéde, wọn kò kí. Ì bá ṣe pé wọ́n lọ kẹ́dùn, òkú fúnra rẹ̀ ni ì bá ṣílẹ̀kùn fún wọn, tí ì bá sì fún wọn ní àga.

Ọjọ́ tí wọ́n dìde fún un, ó wà lórí ìjókòó nínú pápá náà, ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dárúkọ rẹ̀, ó pè é ní olóògbé. Gbogbo pápá dìde. Ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́yìn wọn fọwọ́ kàn án léjìká.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà. Òkú là ń bọ̀wọ̀ fún.”

“Òkú wo?” ni aránṣọ bi í.

“Atamátàsé kan báyìí ni, Mọ̀mí. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.”

Obìnrin náà la ẹnu láti figbe ta. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìyá wọn, jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀. Kò dáa kéèyàn da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rú.” Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó ṣí fìlà, ó sì tẹrí ba fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì láti fi ara rẹ̀ hàn. Akọ̀wé kí i kú oríire. “Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, alága ti sọ̀rọ̀ ìdágbére, ìwé ìròyìn ti gbé e. Tá a bá ní a ṣì í ṣe, ojú á ti àgbà. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná.” Kò rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn ti yọ orúkọ rẹ̀, nítorí a kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún òkú. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ń fọ egbò rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Bàbá, mo rí yín o, àmọ́ ẹ ti kú lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ ní kí wọ́n jí yín ní ọ́fíìsì ná.” Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín, yóò tún lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n á tún ní kí ó jẹ́ kó rọlẹ̀. Egbò wọ eegun, oró rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e lọ.

Kí ló pa á? Ṣé abẹ́rẹ́ ni, àbí ojú tí kò gbọdọ̀ ti alága? Àwọn tí ojú kò tì láti gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ kí ó lè sáré, ṣé àwọn náà ni ojú wá ń tì láti sọ pé “a ṣì í ṣe”? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà; òun gan-an ló wọ́ orí ọmọ, tí ó sì ní kí ìyá ọmọ má sọ̀rọ̀ kí ọjà má bàa dàrú.

Mo fẹ́ kí alága dúró sí àárín pápá, kí ó sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan náà pé ọkùnrin yìí wà láàyè ní ọjọ́ tí àwọn kéde ikú rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ kejì ni àwọn ti mọ̀. Kí akọ̀wé sọ ẹni tí ó pàṣẹ pé kí orúkọ náà má padà sí ilé ìwòsàn. Kí dókítà abẹ́rẹ́ lọ dáhùn níwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà bíi tirẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ̀bi.

Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe dìde fún Ẹsẹ̀-Òsì. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọdá títì, kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn aránṣọ, kí wọ́n sì dúró dè é pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí ì bá tètè ṣí i fún wọn kò sí nílé mọ́.