Jíà Kẹta Tí Kò Dúró

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Prámárì mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Ọwọ́ Bàbá ni mo ń rí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó dúdú fún epo, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí irin bí ẹni ń ṣa ìrẹsì, òórùn kẹrosíìnì sì gba gbogbo àgbàlá wa kan.

Aládùúgbò wa ni wọ́n, mẹkáníìkì máṣíìnì, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí gbogbo Ẹdẹ mọ̀. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú wọn ti ń ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìka ni wọ́n fi ń ríran. Bí wọ́n bá yọ irin kan, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, fùú, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sórí àpò sìmẹ́ńtì. Èyí tó kọ́kọ́ jáde á wà lọ́wọ́ ọ̀tún pátápátá, ìkejì á tẹ̀ lé e lápá òsì, láti ọ̀tún lọ sí òsì, bí wọ́n ṣe ń ka wàláà ní ilé kéú nígbà èwe wọn. Ètò yẹn ni ojú wọn.

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan láti ìlú Ara ló gbé máṣíìnì àtijọ́ wá, ogún bàbá rẹ̀. Jíà rẹ̀ ti há, kò wọlé mọ́. Àwọn mẹkáníìkì ọ̀dọ́ ti ní kó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Gbé e kalẹ̀. Bí èyí bá ṣẹ́gun mi, mo kó sípánà mi nílẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá wò ó, ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá, ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ta ní ń yọjú wo obìnrin níbi tó ti ń wẹ̀?"

"Ẹ ní kó yára o! Oko ń dúró dè wá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín lórí máṣíìnì tó tú sílẹ̀ náà títí Bàbá fi ń wúkọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí gbálẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọbìnrin. Mo rí ìgbẹ́ adìyẹ lábẹ́ irin méjì kan lórí àpò náà, irin tó dà bí àmúga, tó ń ti jíà sí ààyè rẹ̀. Mo ní kí n ṣe Bàbá lóore. Mo gbé wọn, mo nù wọ́n, mo nu abẹ́ wọn. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbé, òun náà ni mo kọ́kọ́ dá padà, lápá òsì, nítorí apá òsì ni tíṣà kọ́ wa pé nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá di máṣíìnì náà padà. Ó jí. Jíà kìíní wọlé, ìkejì wọlé. Ìkẹta wọlé, ó ké gàrà, ó sì fò jáde. Wọ́n tún un tú, wọ́n tún un dì. Bí wọ́n ṣe bá irin náà ni wọ́n ń dá a padà, ó sì ń fò jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fi irin méjì yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Wò wọ́n, ọmọ mi. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Táíwò kò lè jókòó sí àyè Kẹ́hìndé. Mo mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Àyè oníkálukú ni mo dá a padà sí, síbẹ̀ kò dúró. Ọwọ́ mi ló kú."

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo dá irin méjèèjì padà sọ́wọ́ wọn, mo lọ mú ìgbálẹ̀ mi.

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ti máṣíìnì rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà Ara. Bàbá so sípánà wọn mọ́nú àpò. Láti ọjọ́ náà, orí àga ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀, tí ìka wọn ń rìn lórí orúnkún wọn, tí ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á ṣàdúà fún mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe "àmín" sí àdúà tí kò tọ́ sí mi, ohun tí mo sì ń gbé kiri títí dòní nìyẹn: àdúà ẹni tí mo gba ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n kú lọ́dún yìí. Níbi fìdáù wọn, ọkùnrin ará Ara náà mi orí, ó ní, "Ọwọ́ Bàbá ti kú kí Bàbá tó kú. Máṣíìnì mi ló fojú rí i." Gbogbo èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń fọ abọ́ nítòsí, mo sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí Ara. Mo bá a níbi tó ti ń pọ́n àdá. Mo kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ Bàbá kò kú, sà. Èmi ni mo pààrọ̀ irin wọn."

Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ọmọ yìí, ta ni kí n wá lọ sọ ọ́ fún báyìí?"

Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè díẹ̀, kí àwọn tó wà nínú ilé lè gbọ́.