Sáláwá Ló Fò Jìnnà Jù

Òórùn pákó tútù ló máa ń kọ́kọ́ wọlé bá wa láàárọ̀ nígbà ọyẹ́. Ilé ìlagi kan wà nísàlẹ̀ agboolé wa ní Ẹdẹ, lọ́nà odò Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n ń da ìyẹ̀fun pákó sí lọ́dọọdún títí ó fi di òkìtì tó ga ju òrùlé lọ. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo máa ń yára.

Àkàrà ló mú ọ̀rọ̀ náà dé. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi di àkàrà fún Sáláwá, ọ̀rẹ́ mi, ní àwòrán òyìnbó kan tó nà gbọọrọ lófuurufú, pákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ó láti ìsàlẹ̀. A mú un lọ bá tíṣà wa. Wọ́n ní nílẹ̀ òtútù, òjò a máa dì sórí òkè, àwọn kan a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀, wọn a fò, ẹni tó bá balẹ̀ síbi tó jìnnà jù ló borí. Wọ́n ní láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń figa gbága títí ìgbà òtútù yóò fi parí. Sáláwá tún àwòrán náà wò, bí òróró ṣe rin ín tó, ó ní, "Àwa náà lókè tiwa."

Bí ìdíje wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ìlagi, a ó fi okùn di ẹ̀là pákó mọ́ ẹsẹ̀, a ó fi òróró pa á lábẹ́, a ó yọ̀ lórí koríko gbígbẹ dé etí bèbè, a ó sì fò sórí òkìtì. Làmídì, ẹ̀gbọ́n Sáláwá, ló ń fi ọ̀pá ọparun wọn ibi tí kálukú balẹ̀ sí. Ọmọ méje ni wá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù lé àwọn kan, ìyá wọn lé àwọn mìíràn, ó wá ku èmi àti Sáláwá. Ẹni tó bá borí ní Sátidé ìkẹyìn ni yóò gba àwòrán náà.

Ìyá mi kì í fẹ́ ọmọ tó ń pa àìsàn mọ́ra. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọrùn wa tí wọ́n rí i pé ibà ti wà níbẹ̀ láti àná, wọn a ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ní Sátidé ìkẹyìn yẹn, a rí ohun kan bí ìkùukùu lórí òkìtì náà, níhà odò. Ọyẹ́ la pè é. Làmídì tilẹ̀ ní òkè wa ti wá jọ ti òyìnbó wàyí, inú wa sì dùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fò. Mo kọjá gbogbo àmì tó wà nílẹ̀. Nígbà tí mo tú okùn tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún rì dé ọrùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì gbóná bí eérú ààrò. Mo fà á yọ kíá. Sáláwá dúró lókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dọ̀kásì, bá mi nu òróró ara àwòrán mi yẹn dáadáa o."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ká dá a dúró, èmi ni mo borí nìyẹn, wọn á sì ní mo rẹ́ ẹ jẹ. Mo gòkè padà, mo bá a di okùn rẹ̀.

"Di í kó le," ló wí. "Bí pákó kan bá bọ́ lófuurufú, o ò jẹ dòdò nílé wa mọ́."

Mo di í, ó le.

N kò tíì rí ọmọ tó fò bẹ́ẹ̀. Ó kọjá àmì mi, ó kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni dé rí, ó balẹ̀ sínú ohun tí a pè ní ọyẹ́. Òkìtì náà là, ó gbé e mì dé àyà. Iná ti ń jẹ òkìtì náà nínú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Pákó tí mo dì ni kò jẹ́ kó lè gbẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń fọṣọ létí odò ló sáré wá fà á yọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn kó tó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Orí ẹní ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n bi mí pé ta ló fò jù. Mo ní Sáláwá ni. Wọ́n mi orí.

"Ìwọ lo fò ṣáájú ẹ̀. Ṣé ibẹ̀ ti gbóná?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì fún mi ní àwòrán náà. Wọ́n ní Sáláwá á fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. N kì í tẹ ilẹ̀ tí n kò mọ̀ láìfi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà a máa fò láti etí bèbè láìdijú. Ní gbogbo Ìtúnu Àwẹ̀ ni mo ń lọ kí Ìyá Sáláwá. Ojú wọn ò ríran mọ́, ohùn mi ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè yẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ti dárí jì mí tẹ́lẹ̀.

Mo ní n kò mọ̀.