Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Ìkòkò Tíì

Ìyá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀ sí. Ojú mi wà nílẹ̀ nígbà náà. Òórùn ìda tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ pákó ni mo mọ̀, ìyá ló rí ìyókù.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe ní mùsíọ́mù kan ní Manhattan, nínú yàrá tí wọ́n kó àwo àtijọ́ àwọn ará Ìlú Ọba sí. Ìkòkò tíì kan wà níbẹ̀, funfun bíi wàrà, òdòdó aláwọ̀ aró lára rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé. Ó dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ, kò sì sẹ́ni tó ń fi í po tíì mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni ìyá ti Ìbàdàn dé. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, a ò tíì fojú kanra. Ìyàwó mi ní kí wọ́n sinmi nílé wa ní Laurelton, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù, àfi kí àwọn rí ibi tí ọkọ ọmọ àwọn ti ń jẹun. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, gèlè wọn ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi, ta ló rántí iṣẹ́? Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó ronú. "Ẹ káàbọ̀, mà!"

Obìnrin òyìnbó kan figbe ta pé ẹ̀ṣọ́ ti dákú. Bó ṣe fò sẹ́yìn, ìgúnpá rẹ̀ gbá àpótí, ìdérí ìkòkò sì ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ọkùnrin kan ti di ọwọ́ mi mú, ó ń wò bóyá ọkàn mi ṣì ń lù. Ìyá ń pariwo, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ó ń kí mi ni, kò kú!" Ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀? Ọ̀gá mi sì sáré wọlé.

Nírọ̀lẹ́, nílé, ìyá pè mí jókòó.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí ọ̀gá rẹ ṣe?"

"Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ra, mà."

"Ìkòkò ló kọ́kọ́ wò. Ó yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, kó tó bi ọ́ pé ṣé o fara pa. Ìwọ ṣì wà nílẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn akẹgbẹ́ mi máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ti wọ yàrá oúnjẹ, wọ́n ní kí n súre fún àwọn. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tì mí lójú di òní ni pé ẹni tó fún mi lọ́mọ fẹ́ ló dúró níbẹ̀, tó rí iye tí wọ́n kà mí sí.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìyá na ọwọ́ sí mi bí òyìnbó. "Bọ̀ mí lọ́wọ́, ọmọ mi. Kí ìdọ̀bálẹ̀ má baà mọ́ ọ lára, kí iṣẹ́ má lọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Àánú mi ló ṣe wọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní tí owó ò rà, ìyá gan-an ló sì ń dá a padà fún mi. Ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Ìwọ tó ò ń gbọ́ mi yìí, tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé o máa gba ọwọ́ yẹn?