Ìdí Mọ́tò Fẹ́ Ṣáájú Wa Lọ́nà Ìfàkì

Òjò ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ bí mo bá rántí ọjọ́ náà, òjò ọ̀sán tó ń lu òrùlé mọ́tò bí ìgbà tí wọ́n ń da èkùrọ́ sínú páànù. Ìkọ̀lé la ti gbéra, ilé ìwòsàn kan ní Ìdó là ń lọ, nítorí ojú ìyá wa tó ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni mọ́tò, òun ni ìbá sì wà á, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ rọ́ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó jókòó sẹ́yìn, ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, èmi ni mo di sítiárìn mú. Inú mi ń dùn. Mo rò pé ẹni tó bá ti mọ jíà í yí ti di awakọ̀. Mi ò tíì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mọ́tò kékeré onídìí kúkúrú ni, táyà iwájú nìkan ló sì ń fà á. Ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n gé súpíríǹgì rẹ̀ kúrú, kí wọ́n sì mú ìdí rẹ̀ le kó lè máa yára yí ní kọ́nà. Ó tún ní kí wọ́n já wáyà ohun tó máa ń kó mọ́tò níjàánu bó bá fẹ́ yọ̀. Ó ní kì í jẹ́ kí òun gbádùn ìwakọ̀.

A kọjá Ọyẹ́, a ń sún mọ́ Ìfàkì. Ní kọ́nà kan tó yí sósì, mo ṣàdédé rí ewúrẹ́ láàárín títì. Mo ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ni ìdí mọ́tò bá ṣí sọ́tùn-ún, ó ń yọ̀ bọ̀ bí ẹni fẹ́ ṣáájú wa.

"Ta ló ń fà wá láti ẹ̀yìn?" Ìyá wa tí kò ríran dáadáa ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ti ń wá bíréèkì.

"Má tẹ bíréèkì!" Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "Tẹ iná díẹ̀! Yí sítiárìn sọ́tùn-ún!"

Gọ́tà jíjìn ló wà lọ́tùn-ún. Èwo ni ká máa sá fún ikú, ká tún máa sáré lọ bá a? Síbẹ̀ mo tẹ iná, mo yí ọwọ́, mo ń ké. Iwájú fà wá, ìdí fì lọ, ó fì bọ̀, mọ́tò wá dúró sínú koríko létí gọ́tà. Ewúrẹ́ ti bá tirẹ̀ lọ.

Mo bojú wẹ̀yìn. Eyín ẹ̀gbọ́n mi ń lu ara wọn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá wa ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní wọ nǹkan yìí lọ Ìdó tàbí lọ ulé mọ́."

Takisí lèmi àti òun wọ̀ dé Ìdó, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró ti mọ́tò títí mẹkáníìkì kan fi wá bá a wà á lọ sílé. Nígbà tí a darí dé, bàbá wa bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yanu, ìyá wa ti dáhùn: "Mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà." Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba.

Ó dá gbogbo ohun tó ní kí wọ́n ṣe sí mọ́tò náà pa dà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ojú ìyá wa náà là. Èmi ṣì ń wakọ̀ gba ibẹ̀, mo sì máa ń dín eré kù kí n tó dé kọ́nà yẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá wa ti dolóògbé báyìí. Ó lọ láìmọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó sin àwa mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.