Ìtumọ̀ Kòsẹ́nìkan

Bí mo bá ti rántí hẹ́dímásítà wa, ìbéèrè rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́: “Ta ló sọ ibí lórúkọ, kí ló sì rí?” Fadá kan tó jẹ́ ọmọ Ayálándì ló sọ fún un pé “Kil” tó ṣíwájú orúkọ ọ̀pọ̀ páríìṣì nílùú wọn, ilé ìjọsìn ló túmọ̀ sí. Látìgbà náà, kò sí abúlé láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tí kò bèèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ṣójà gbàjọba, èmi tí mo jẹ́ tísà lábẹ́ rẹ̀ bá a dé Kòsẹ́nìkan, níbi tí ilé mẹ́ta péré ṣẹ́kù sí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá arúgbó kan, ó sì bèèrè.

Ìyá ní: “Ìgbóná ló jà níbí. Obìnrin kan sin ọmọ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló kù, ó ní, ‘Kò sẹ́nìkan.’ Ìkẹfà wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ikú gbọ́. Ó pọ̀n ọ́n sá lọ sí Ìfọ́n.”

“Ọmọ náà ńkọ́, Ìyá?”

“Obìnrin ni. Ó yè é, àmọ́ apá òsì rẹ̀ ò ṣe é nà mọ́.”

Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Mo mọ ìyá tó bí i kó tó kú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá ní: “Ọdọọdún ni mò ń bi ìyá mi pé níbo ló ti wá. Á ní òun ò níbì kan. Ọdún tó kú gan-an ni mo pè é ní òpùrọ́ lójúkojú.”