Bí Ògiri Kòtò Bá Wó

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Èmi àti àbúrò mi obìnrin nìkan la wà nínú yàrá ìgbàlejò mi ní àdúgbò Mayfair. Sábó ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀wà. Mo ní kó jókòó sórí àga tó kọjú sí mi, kó ṣe bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́.

"Ọ̀gá wo?" ó ní. "Èmi tí eruku ẹ̀wà bò lára yìí?"

"Ìwọ náà ni. Béèrè ohun tí mo kọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kejì ni wọn yóò fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní ibi ìwakùsà wúrà kan lọ́nà Iléṣà. Ẹni tí yóò máa yẹ kòtò wò kí òṣìṣẹ́ tó wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ òkúta kò ṣàjèjì sí mi. Ìwé ni mo pẹ́ kí n tó kà. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ ni mo ti wà ní kúárì, níbi tí a ti ń fọ́ òkúta, títí wọ́n fi tì í pa.

Ohun tó wù mí ní ibi ìwakùsà náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń jẹun. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn odi, mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé kí n má tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́rú. Mo máa ń tan rédíò kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ síbẹ̀, wọn ò sì gbà mí. Mo dáhùn dáadáa nípa irú òkúta, nípa omi tó ń sun lára ògiri, nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Wọ́n wá béèrè pé bí ògiri kòtò bá wó lu òṣìṣẹ́ kan, kí ni màá ṣe. Mo fi ọwọ́ yí orí ká, mo ta ìka dànù. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kò ní ṣẹlẹ̀." Wọ́n tún un béèrè. Mo tún ṣàdúrà.

Ọ̀rẹ́ mi kan láti kúárì, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, ló là mí lóye lẹ́yìn náà. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wa ló dáhùn bẹ́ẹ̀. "Wọn ò ní kí o ṣàdúrà fún wọn. Ẹni tí kò lè dárúkọ ewu, ṣé wọ́n á fi ẹ̀mí ènìyàn sí i lọ́wọ́?"

Àbúrò mi tún ìjókòó ṣe. "Ó dáa. Bàbá, bí ògiri kòtò bá wó lu..." Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Bó bá wó lu ẹnì kan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó ta ìka tirẹ̀ náà.

"A ò gbà ọ́ síṣẹ́," mo ní. "Máa lọ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

Nígbà tí ìyàwó mi wà nílé ìwòsàn, dókítà kan jókòó tì wá, ó fẹ́ sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Dókítà dìde. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ti òjò la fi parí rẹ̀.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú àbúrò mi. Ó ń wò mí.

"Bó bá wá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ló wó lù ńkọ́?"

N kò kọ́ ọ ní èyí. Mo rí i pé ohun tó gbé e wá láti Sábó nìyẹn.

"Ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi," mo ní. "Ìwọ ni kí o sọ fún àwọn ọmọ. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì."

Kò ta ìka. Ó rọra wé gèlè rẹ̀ padà.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo sìn ín dé ibi tó ti gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀ ní Ìlódè, mo sì padà wọlé. N kò tan rédíò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà. Ní ibi ìwakùsà náà, àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Nígbà tí wọ́n dé orí ìbéèrè náà, ọwọ́ mi fẹ́ gbéra. Mo fi í sábẹ́ itan. Mo sọ fún wọn pé ẹni náà lè kú. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ṣàlàyé, díẹ̀díẹ̀, ohun tí màá ṣe kí àwọn tó fẹ́ sáré wọ inú kòtò lọ yọ ọ́ má bàa bá a kú síbẹ̀.